Odò Búlúù Tí Neville Dà

"Ṣíọ̀!" ni Ellis kọ́kọ́ sọ láàárọ̀ Sátidé, nígbà tó ká aṣọ kúrò lórí tábìlì. Odò tó fi oṣù méjì ṣe ti di búlúù. Búlúù bí omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́!

Ta ni ì bá tún ṣe é bí kò ṣe Neville, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rélùwéè kékeré bí ohun ìṣeré dárà nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì? Ìlú wọn ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe rí nígbà èwe Ellis, ni wọ́n ṣe ní kékeré sórí tábìlì: ilé iṣẹ́ tó ń fọ irun àgùntàn, ilé aláró, ibùdókọ̀ ojú irin, àti odò. Nítorí odò yẹn ni Ellis ṣe wọ ẹgbẹ́ náà. Doreen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbá a nírun mú, tó fà á jáde nínú odò gidi náà nígbà tí Ellis wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ní báyìí, Doreen ò dá a mọ̀ mọ́; "ọ̀gá" ló ń pè é, bí ẹni ń pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bó bá rí odò náà, bóyá á rántí. Ìdí nìyẹn tí Ellis fi po àwọ̀ ẹrẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le bíi gíláàsì, tó ń dà á ní ìpele kan lójúmọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Neville wí, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. "Omi tó dùn ún wò làwọn tó ń bọ̀ wá wòran lónìí fẹ́. Tiyín yẹn dà bí ìgbẹ́, ni mo fi da gọ́ọ̀mù búlúù lé e lálẹ́ àná."

"Ìgbẹ́ náà ni! Ìgbẹ́ àgùntàn, ọ̀rá, òkú ajá! Wọn ò tíì bí ẹ nígbà yẹn, o wá ń kọ́ mi lódò ìlú mi. Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́! Ṣé o tan iná amúlégbóná kó o tó dà á?"

"Mo gbàgbé, Bàbá."

Ellis tẹ ojú odò náà wò. Ìka rẹ̀ yọ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í fẹ́ òtútù. Nínú gbọ̀ngàn tó tutù tó sì rin yìí, ó ti yọ ọ̀rá funfun sójú, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ellis nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó tún nù ún. Kò sí àtúnṣe, nítorí odindi ọjọ́ kan ló fi ń le, aago mẹ́wàá làwọn èèyàn sì máa wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bò ó," ni Neville wí.

Kí wọ́n tó mú aṣọ, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Doreen ti tì í wọlé lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ìyá àgbà náà wo tábìlì. Ó fọwọ́ bo imú, bẹ́ẹ̀ òórùn kankan ò sí níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì tutọ́ pọ̀ọ́ sínú odò.

"Yéè, Màmá!" ni Neville pariwo.

Doreen ò wò ó. "Ellis! Jáde níbẹ̀! Ọ̀bùn! Aró búlúù ni wọ́n dà sódò lónìí, kì í bọ́ lára! Ìyá wa á pa mí!"

Ellis sún mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Òótọ́ ni, búlúù ni odò náà lọ́jọ́ tó kó sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi fọ aró náà kó tó kúrò létí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti gbàgbé.

"Mo ti ń jáde bọ̀, Àǹtí mi," ló wí.