Orí Ilé Bàbá

Ọkọ̀ òfurufú kékeré inú àwòrán ilẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́yìn àga iwájú ń rá pálá lọ síbi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú bàbá obìnrin aránṣọ kan sí. Aránṣọ náà tẹjú mọ́ ọn. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ti ń fò bọ̀. Ọkọ̀ náà dé orí ìlú ọ̀hún gan-an, ó sì kọjá lọ ràì, àfi bíi pé kò sẹ́ni tó ń retí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó pòṣé. Ó pe ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò, ó ní ìsàlẹ̀ ibí yìí lòun ń lọ. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkọ̀ àwọn kì í balẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á fi wákàtí mẹ́ta sí i dé ìlú tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, òmíràn á wá fi wákàtí mẹ́ta gbé e padà. Ṣé ohun tí kò mọ̀ nìyẹn? Láti ọjọ́ tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ń bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jà lórí fóònù, bí ẹni pé àbúrò ló ni ojú ọ̀run. Ta ní í gba ọrùn gé ṣòkòtò?

Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi àbúrò yìí, tí wọ́n jọ ń gbé, pé ta ló gbà á sílé. Kí Bàbá rí òun nígbà tó ṣì mọ̀ pé òun ni, kò tún sí ohun tí aránṣọ ń wá ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Wọ́n balẹ̀ tán, wọ́n ní ọkọ̀ kejì ti bàjẹ́, ó di ọ̀la. Akọ̀wé orí káńtà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Aránṣọ jà títí ohùn rẹ̀ fi há. Akọ̀wé ní kí màmá máa ní sùúrù. Màmá ta ni? Ó fìdí lé orí báàgì rẹ̀, ó pe ilé láti lọ bá àbúrò jà.

Àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n òun dákẹ́ ná. Ó ní láti ọjọ́ tó ti pariwo pé orí ilé lòun máa gbà kọjá, Bàbá ò gbàgbé é. Ó gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, àmọ́ ó gbé àga síta, ó ń wòkè, gbogbo ọkọ̀ tó kọjá ló ń juwọ́ sí. Àbúrò gbé fóònù fún Bàbá.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú, wọ́n ní ọkọ̀—"

"Kí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún? O ti kọjá. Mo juwọ́ sí ẹ títí apá fi ń ro mí. Ṣé o rí mi?"

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni aránṣọ jókòó sí nínú ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ìbòjú fèrèsé náà dé, kí oòrùn má bàa dí i lọ́wọ́ àtiwo àwòrán. Ìgbà tí apá arúgbó ń fì nílẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá fa ọ̀rọ̀.

"Mi ò wòta, Bàbá."

"Kò burú. Èmi rí ẹ."

Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì gbé fóònù náà sílẹ̀. Òní ni Bàbá mọ̀ ọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ti ọ̀la ni.