Pọ́ọ̀tù tí Má-fọwọ́-kàn-án Tì

Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ rọ́tà. Òun ló ń tọ́jú àwọn rọ́tà, ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn àgbà pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Inú wọn ni ọ̀rọ̀ gbogbo ń gbà kọjá ní ìdì kéékèèké, láti ìlú dé ìlú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń ṣètò rọ́tà ẹ̀ka kan láti òkèèrè. Ó fẹ́ ti pọ́ọ̀tù kan, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kan lára rọ́tà, tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ibi tó ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lórí fóònù, nọ́ńbà èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ rọ́rọ́. Áà! Pọ́ọ̀tù tí òun alára ń gbà wọlé, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ka náà sì ń gbà, ló tì yẹn. Kò sí ohun tó tún lè ṣe láti ibi tó jókòó sí. Àfi kó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ìlú àwọn àna rẹ̀ sì ni ẹ̀ka ọ̀hún wà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè é, tó ní iṣẹ́ kò jẹ́ kóun ráyè.

Nígbà tó débẹ̀, èrò ti kún iwájú ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, torí kọ̀ǹpútà kò rí orúkọ aláìsàn kankan mú jáde. Ta ló jókòó síwájú pátápátá? Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni, tó ń fi aṣọ ìnujú nu ojú tó ń ṣomi.

"Ọkọ ọmọ mi!" Bàbá dìde. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ fọkàn balẹ̀. Àna mi tó mọ̀ ọ́n ṣe ti dé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Má-fọwọ́-kàn-án yára wọ yàrá rọ́tà, ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣí pọ́ọ̀tù náà padà. Kò gbà á ní àsìkò kankan, ìyẹn gan-an ló tún dùn ún jù.

Bó ṣe jáde, ìyá ọlọ́mọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú. "Ṣé ẹ rí i? Ó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì nítorí wa."

"Bàbá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èmi ni mo bà á jẹ́."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo tì í láàárọ̀. Mi ò fara balẹ̀ ni, sà."

Ọwọ́ Bàbá tú kúrò lára rẹ̀. "Mo ti fi ọ́ yangàn tán," ló wí. "Sọ fún wọn."

Ó kojú sí wọn, ó sọ ọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Ìyá ọlọ́mọ yẹn pòṣé, ó yíjú sẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n ń pè níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn ni àwọn yòókù tẹ́tí sí.

Nígbà tí Bàbá gba oògùn tirẹ̀ tán, Má-fọwọ́-kàn-án ní kóun fi mọ́tò gbé e délé.

"Ẹsẹ̀ mi ṣì lè gbé mi." Àmọ́ Bàbá dúró lẹ́nu géètì. "Ìyá ìyàwó rẹ wà nílé. Má gba ibòmíràn lọ."

Má-fọwọ́-kàn-án fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn Bàbá ló ń tọ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́.