Ojú Ìsopọ̀ Tó Jèrè Ìmọ́lẹ̀

Ọkùnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Sátífíkéètì ló lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, lókè ẹ̀rọ omi tútù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bu omi mu láìkà á. Ìlà kan tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fà wà nínú ìwé náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó wá ṣàdédé fò sókè níbì kan. Sátífíkéètì fi bírò pupa yí ibẹ̀ ká, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ní ojú ìsopọ̀ tí òun so kò pàdánù ìmọ́lẹ̀ rárá, èrè òṣùwọ̀n mẹ́wàá ló jẹ.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́jẹ́ẹ́ dúró síwájú ìwé náà pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó pòṣé. Ọdún méjìlá ló ti fi ń so okùn gíláàsì tí kò nípọn ju irun orí lọ, torí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn yìí kọjá, níbi tí a bá sì ti so ó, díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹni tí òfò tirẹ̀ kéré. Ẹni tó bá ní ìsopọ̀ òun ń bí ìmọ́lẹ̀ sí i, bí ẹni tó da omi sínú agolo tó ń jò, tó ní agolo kún ju bí òun ṣe dà á lọ ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ì bá fi í rẹ́rìn-ín lásán, àmọ́ ìwé náà kò mọ sórí orúkọ Sátífíkéètì nìkan. Katakata ló gé kébù tí okùn gíláàsì wọn wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò. Wọ́n fi kébù tuntun pààrọ̀ ibi tó gé; Sátífíkéètì so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó súnmọ́ ọ́fíìsì, Ọlọ́wọ́jẹ́ẹ́ so ìparí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà láti máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́ gba inú okùn náà, èyí tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ti ń kọsẹ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn oníbàárà sì ń bú wọn. Ìwé ara ògiri ní Ọlọ́wọ́jẹ́ẹ́ pàdánù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ màmá ti ń gbọ̀n, Sátífíkéètì ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó gé e kó tún un so, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Olórí pípé náà kò bi ara rẹ̀ léèrè pé irú ọwọ́ wo ló ń gbọ̀n dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀gá Pátápátá ní tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tí kò yí padà, kó kó irinṣẹ́ sílẹ̀, kó lọ máa ka ìṣó ní sítọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, gbà fún wọn," ọkọ rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń lọ aṣọ. "Sítọ̀ kò lóòrùn, owó oṣù kan náà sì ni."

"Kí n gbà pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí wọ́n á máa sọ nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ náà lórí tábìlì.

Ní ọ́fíìsì, ó wọlé tọ Ọ̀gá Pátápátá lọ. Sátífíkéètì ti wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ kébù náà wò láti ìdí kejì."

Sátífíkéètì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ogójì kìlómítà nibẹ̀ yẹn. Ṣé ìmọ́lẹ̀ mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ni?"

Àbúrò rẹ̀ tó kéré jù pàápàá dàgbà ju ọmọ yìí lọ, àmọ́ ipò ni ipò. "Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń dán an wò ló mọ̀ ọ́n, sà," ó fèsì. Ó kọjú sí Ọ̀gá Pátápátá. "A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu kejì."

Wọ́n lọ sí ìdí kejì náà. Sátífíkéètì fi ìwé nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ yàrá ẹ̀rọ. Nígbà tí ìlà náà yọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ibí yìí, ìsopọ̀ Sátífíkéètì pàdánù àádọ́ta. Ti Ọlọ́wọ́jẹ́ẹ́ ló fò sókè: èrè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀gá Pátápátá pàtẹ́wọ́. "Èrè rẹ ju tirẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ká gbé e kọ́."

Obìnrin náà wò ó bíi pé ó fẹ́ sunkún. Ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ òpè kan nínú ẹ̀wù ló tún bá òmíràn pàdé nínú kóòtù.

"Ọ̀gá, irọ́ ni tèmi náà. Gíláàsì tuntun ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn ju ti àtijọ́ lọ, èyí tó bá sì ta padà nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń kà. Tó bá ti inú àtijọ́ bọ́ sínú tuntun, á ní ó pọ̀ sí i. Tó bá ti inú tuntun jáde, á ní ó ṣòfò jù. Ẹ yọ èrè kúrò nínú òfò, kẹ́ ẹ pín èyí tó kù sí méjì. Tiyín, sà," ó kọjú sí Sátífíkéètì, "ogún. Tèmi, mẹ́rin."

Sátífíkéètì ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọlọ́wọ́jẹ́ẹ́ gé ìsopọ̀ Sátífíkéètì, tó tún un so, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n láti ìdí méjèèjì. Ẹ̀rọ asáré kò kọsẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ sítọ̀.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ajé, ìwé ti Sátífíkéètì ti kúrò lókè ẹ̀rọ omi. Férémù aláwọ̀ góòlù ló wà níbẹ̀, èrè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà nínú rẹ̀, orúkọ Ọlọ́wọ́jẹ́ẹ́ sì tóbi nísàlẹ̀. Àwọn àlejò méjì dúró, wọ́n ń mi orí bí aláǹgbá. Ìtìjú mú un ju ọjọ́ tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ.

Ó gbé férémù náà sọ̀ lójú wọn, ó yọ ìwé, ó kọ ìṣirò sí ẹ̀yìn rẹ̀: òfò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, èrè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ku mẹ́jọ, ìdajì rẹ̀ mẹ́rin. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ pé òun pàdánù mẹ́rin, ó fọwọ́ sí i, ó yí ẹ̀yìn ìwé náà síta, ó gbé e kọ́ padà.

Ọ̀gá Pátápátá bá a níbẹ̀, ojú rẹ̀ le. "Ta ló ń kọ àdánù sórí orúkọ ara rẹ̀?"

"Tèmi ni, ọ̀gá," ó wí, ó sì bu omi rẹ̀ mu.