Òótọ́ Tí Mo Sọ fún Afínjú

Ẹ má bi mí bóyá mo ti dárí jì í. Mi ò dárí jì í. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, èmi ni mo sì fi odidi oṣù mẹ́ta kó o.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ilé iṣẹ́ tọ́jú táńkì ẹja. Ọdún méje ni mo fi tọ́jú èyí tó wà nílé ìwòsàn dókítà eyín, nínú yàrá táwọn èèyàn ti ń dúró kó tó kàn wọ́n. Ẹni tí eyín ń ro, tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ nínú yàrá kejì, kò ní nǹkan mìíràn tó fẹ́ wò láyé àfi ẹja. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi, èmi ni mo mú un mọ́ra, tí mo ní kó wá máa bá mi ṣe é. Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ọkọ mi, tí mo sì fún un lórúkọ tó bá a mu: Afínjú. Ọkùnrin yìí á fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní parọ́.

Nínú táńkì tí mo bá ń tọ́jú, mi kì í nu gíláàsì ẹ̀yìn. Mo máa ń jẹ́ kí ewé omi bò ó, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára gíláàsì. Àwọn ìgbín omi á máa jẹ ẹ́, gíláàsì iwájú á sì mọ́ kedere. Afínjú rí ẹ̀yìn yẹn, ó sì rí ọ̀nà. Ó gba ẹ̀yìn mi lọ bá dókítà. Ó ní, "Ẹ wo ẹ̀yìn táńkì yìí, Dókítà. Ìyàwó wa ò ríran dáadáa mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bò ó láṣìírí. Àìmọye ẹja ló ti kú sí i lọ́wọ́, èmi ni mò ń pààrọ̀ wọn kẹ́ ẹ má baà mọ̀." Irọ́ gbuu. Ọdún yẹn, ẹja kan ṣoṣo ló kú, ogbó ló sì pa á. Ṣùgbọ́n dókítà gbà á gbọ́, torí ta ni yóò rò pé ọmọ ilé á purọ́ mọ́ ìyàwó ilé? Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé táńkì mi jù nù, Afínjú sì gbé tuntun wá, ó gùn tó ènìyàn tó nà gbalaja.

Mo sọ fún baálé mi. Ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Mo ní ṣé Ọlọ́run ló ń bá mi fọ táńkì ni. Ó ṣí ojú ìwé kejì.

Ibi tó dùn mí dé nìyí: nínú iṣẹ́ wa, orúkọ lèèyàn ní. Kí oṣù yẹn tó parí, ilé iṣẹ́ méjì mìíràn ti pè mí, wọ́n ń fi ọgbọ́n béèrè bí ojú mi ṣe ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ò pè mí mọ́ títí dòní. Mo wá sọ fún ara mi pé mo máa gba orúkọ mi padà, ẹnu tó bà á jẹ́ náà ló sì máa tún un ṣe, lójú gbogbo èèyàn. Mi ò mọ bó ṣe máa ṣẹlẹ̀. Mo kàn jókòó, mò ń retí.

Mi ò retí pẹ́, torí mo mọ ìwà táńkì tuntun. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ óò rí nǹkan bí eruku aláwọ̀ ilẹ̀ lára òkúta inú rẹ̀. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kẹrin, ewé omi á gorí gíláàsì. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi náà ò tíì gbó ni. Nínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, fóòmù kan wà, inú fóòmù yẹn làwọn ohun ẹlẹ́mìí tójú ò rí máa ń gbé, àwọn ló ń jẹ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù náà ti pa gbogbo wọn, torí oògùn apakòkòrò tó wà nínú omi ẹ̀rọ. Inú ìtọ̀ ara wọn làwọn ẹja máa wá wà. Mo kọ́ Afínjú ní bí wọ́n ṣe ń nu gíláàsì àti bí wọ́n ṣe ń fún ẹja lóńjẹ. Fóòmù ni mi ò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kàn nígbà tó sá lọ fi mí sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan, ó kan ilẹ̀kùn wa. Ọṣẹ ń rùn lára rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, "ràn mí lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé ni dókítà fẹ́ ṣí yàrá àwọn ọmọdé. Gíláàsì yẹn ti di ewé. Bí mo bá nù ún láàárọ̀, ó ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà ní tí kò bá mọ́, kí n kó ẹrù mi."

Baálé mi wò mí. Mo sọ òótọ́ fún Afínjú, látòkèdélẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, wákàtí mẹ́fà péré ni kẹ́ ẹ máa tan iná rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ fún wọn lóńjẹ ní ẹ̀ẹ̀kan, ìba tí wọ́n lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó ewéko omi tó ń yára dàgbà sínú rẹ̀, kó lè bá ewé omi du oúnjẹ. Ẹ pín omi náà sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan lọ́sẹ̀, ẹ má sì da omi ẹ̀rọ sí i láìkọ́kọ́ pa agbára oògùn inú rẹ̀. Fóòmù yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́. Tó bá dí, inú omi tẹ́ ẹ bù látinú táńkì náà ni kẹ́ ẹ ti fún un. Kẹ́ ẹ wá sọ fún dókítà pé kó ní sùúrù."

"Kí n fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ fi sílẹ̀."

Nígbà yẹn, táńkì kan tí mo ń tọ́jú nílé fúnra mi wà nínú yàrá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo fẹ̀yìn tì. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóòmù inú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, tí mo fà á yọ fún un, ọ̀rọ̀ ti parí, torí ojú kì í bá ohun tó rí jiyàn. Mo ti dìde. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.

Ni Afínjú bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbí ojú ìyàwó mi ni ò rí ìdọ̀tí mọ́ lóòótọ́?" Baálé mi náà sì rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó padà.

Mo tún un sọ fún un nígbà kejì, ṣùgbọ́n mo fi oyin sí ohùn mi báyìí, mo sì ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọkọ mi àtàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ fóòmù yẹn o. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe tèmi, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí." Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Ẹni tó mọ irọ́ pa, irọ́ ló ń retí lẹ́nu gbogbo ayé. Ó dìde, ó ní o ṣeun, mo sì mọ̀ pé tó bá délé ìwòsàn, fóòmù yẹn ló máa kọ́kọ́ mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dókítà fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n wá kíákíá. Baálé mi ló wakọ̀ gbé mi lọ.

Gíláàsì náà mọ́. Kí n má purọ́, mi ò rí gíláàsì tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Fóòmù wà lórí aṣọ ìnura kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó funfun báláú. Ẹja mọ́kànlélógójì dojú ikùn sókè lórí omi. Àwọn ìyá àtàwọn ọmọ kún orí àga, wọ́n ń wò ó, akọ̀wé ń wá aṣọ tó máa fi bo táńkì. Afínjú dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n kékeré lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì ti tutù.

Dókítà ní, "Ẹ dákun, ṣé ó bi yín léèrè kó tó ṣe èyí?"

Mo ní, "Ẹ bi í."

Kò sí ibi tó máa sá sí. Ó kúnlẹ̀ sínú omi tó ti dà sílẹ̀, ó ní, "Wọ́n sọ fún mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo rò pé wọ́n fẹ́ gbẹ̀san, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Ojú wọn ò fọ́. Wọn ò pa ẹja kankan. Irọ́ ni mo pa." Láti ọdún tí mo ti wọ ilé wọn, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ pè mí ní "wọn". Gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Inú mi dùn.

Dókítà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó ní iṣẹ́ mi ti padà di tèmi. Ó wá wo Afínjú nílẹ̀, ó ní, "Ẹbí yín ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa bá yín ṣe é, màá gbà. Tẹ́ ò bá fẹ́, kó máa lọ."

Afínjú gbójú sókè wò mí. Omi wà lójú rẹ̀. Baálé mi sún mọ́ mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ìyá wọn, jọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ni."

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ó mú ọwọ́ kúrò léjìká mi. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí àga. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí dókítà, mo ní, "Kó máa lọ." Mo gba àwọ̀n lọ́wọ́ Afínjú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹja náà.