Àgbò Tí Kò Wo Kámẹ́rà

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹran ọ̀sìn rẹ̀ wá kí n yà á ní fọ́tò, orí fóònù ni mo ti máa ń kìlọ̀ fún un. Ẹ má bọ́ ọ yó kó tó wá. Ẹ kọ́kọ́ mú un rìn létí òkun kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ mú ìpápánu tó fẹ́ràn jù dání. Bẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ panu mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ní ìlú La Marsa, n kò tíì rí oníbàárà kan tó gbọ́ tèmi. Wọ́n á bọ́ ajá títí ikùn rẹ̀ á fi le, wọ́n á wá máa pariwo orúkọ rẹ̀ mọ́ mi létí. Ajá á sùn lọ. Wọ́n á ní kámẹ́rà mi ni kò dáa.

Nígbà tí Si Mongi pè mí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Iléyá, ohùn rẹ̀ rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí n ya Basha. Irun Basha funfun, kì í bu èèyàn jẹ, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa họ òun létí. Mo gbé àga kékeré tí àwọn ajá máa ń jókòó lé síta dè é. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àgbò oníwo ńlá kan bọ́ sílẹ̀. Òdòdó jásímínì wà létí rẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń fi sétí nírọ̀lẹ́. Si Mongi náà fi tirẹ̀ sétí.

"Si Mongi, àgbò Iléyá lẹ gbé wá fún mi yìí?"

"Basha ni," ó ní. "Ìyá Walid ló ń pè é ní àgbò Iléyá."

Ìyá Walid ni ìyàwó rẹ̀, Lalla Zoubeida, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà tìbínú-tìbínú. Kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ funfun rẹ̀ bora dáadáa.

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń ya ẹran ọbẹ̀ náà ni?"

"Màmá, ohun tí wọ́n bá gbé wá ni mò ń yà."

"Ó dáa. Tètè yà á. Alápatà ò ní dúró de fọ́tò."

Si Mongi fà mí sí kọ̀rọ̀ kan. Ó ní fọ́tò ló kún ògiri pálọ̀ àwọn: bàbá òun, ìyá òun, Walid ọmọ òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àbúrò ìyàwó òun tí òun kò fẹ́ràn rárá. Bí àwọn bá gbé Basha kọ́ sáàárín wọn, ta ló máa láyà láti gbé ọ̀bẹ sí i lọ́rùn? "A ò tíì jẹ ẹnikẹ́ni tó wà lára ògiri wa rí," ó ní. Omi ti lé sí i lójú. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ẹ ò ṣe kúkú sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pa á?"

"Kí n sọ fún ìyá Walid? Kó lè máa ròyìn kiri àdúgbò pé ọkọ òun ń sunkún nítorí àgbò?"

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Basha kọ́kọ́ jẹ lára bébà funfun ńlá tí mo fi ń ṣe ẹ̀yìn fọ́tò. Ó jẹ òdòdó etí Si Mongi. Ó fi ìwo kan àga àwọn ajá, àga náà fò lọ bá ògiri. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́. Si Mongi ní èmi ni mo rí Basha fín, tí mo fi àga ajá lọ̀ ọ́.

Nígbà tó wá dúró jẹ́ẹ́, kò wo kámẹ́rà. Si Mongi wà lẹ́yìn mi, ó ń mi ọkà bálì nínú agolo, ó ń pè é ní ọba, ó ń pè é ní olówó orí òun.

"Ẹ̀yin méjèèjì ẹ kúkú fẹ́ ara yín," Lalla Zoubeida sọ láti ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi. Ibi tí ọkàn ẹran bá wà ni ojú rẹ̀ ń lọ. Àìmọye ìyàwó ilé ló ti dúró lẹ́yìn mi, tó ní òun lòun ń bọ́ ológbò, tí ológbò náà ò sì gbójú kúrò lára ọmọ ọ̀dọ̀. Mo wo àwọn fọ́tò tí mo ti yà. Nínú gbogbo wọn, ẹnu ọ̀nà ni Basha ń wò. Mo yíjú padà, Lalla Zoubeida nìkan ló wà níbẹ̀. Ó rí i pé mò ń wo òun, ó sún lọ sídìí fèrèsé. Orí Basha tẹ̀ lé e. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà. Orí Basha bá a padà.

"Màmá, ẹ wá dúró lẹ́yìn mi."

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Òun mọ̀ yín."

"Ebi ló ń pa á."

Mo ní bí kò bá wá, ibẹ̀ la máa wà títí, Basha sì ti ń wo bébà kejì. Lalla Zoubeida kùn, ó wá. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá fi ohùn kan tí n kò rò pé ó ní sọ̀rọ̀.

"Wá, ọkàn ìyá ẹ."

Etí Basha méjèèjì dìde. Ó na ọrùn, ó wo ojú kámẹ́rà mi gan-an. Mo yà á, mo tún yà á. Kí n tó dáwọ́ dúró, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ti imú bọ abẹ́ aṣọ Lalla Zoubeida, ó sì fa ohun kan jáde. Makroudh ni, àkàrà dídùn tó ní dàbínù nínú, oyin ń kán lára rẹ̀.

Si Mongi wo makroudh náà pẹ́.

"Ìyá Walid, o ní kò sí makroudh nílé."

"Ìwọ ni kò sí fún. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mi ò ti fẹnu kàn án."

"Basha ò ní àtọ̀gbẹ."

Bó ṣe di pé ó jẹ́wọ́ nìyẹn. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, tí ọkọ rẹ̀ padà sùn, ó máa ń gun orí òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n so Basha mọ́ lọ bá a, wọ́n á sì jọ jẹun.

"Ṣebí ìwọ lò ń ka ọjọ́ ọdún sí mi létí," Si Mongi sọ.

"Kí ni kí n ṣe? Ìwọ lo rà á, ìwọ lò ń pe gbogbo àdúgbò wá wo bó ṣe sanra. Bí mo bá ní kó o má pa á, wàá ní mo ti di ọmọdé." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mi ò rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí."

Wọn ò lè wo ara wọn. Basha ló ń wo àwọn méjèèjì, ó ń jẹ makroudh rẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé bébà mi.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo gbé fọ́tò náà lọ sílé wọn. Si Mongi ti yọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri kí Basha lè ráyè. Ṣùgbọ́n ọdún lọdún ń jẹ́. Nínú àgbàlá, wọ́n so àgbò mìíràn mọ́lẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri, kò sì sẹ́ni tó fún un lórúkọ. Bí mo ṣe ń kọjá, ó yíjú padà, ó wò mí. Ojú rẹ̀ dára, ó tilẹ̀ dára ju ti Basha lọ. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti gbé kámẹ́rà sókè.

Lalla Zoubeida sáré jáde láti ilé ìdáná, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun bo ojú kámẹ́rà mi.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má ya èyí," ó ní. "A fẹ́ jẹ ẹran lọ́dún yìí."