Ẹni Tó Ń Wo Ẹsẹ̀

Bàtà náà kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an fún un lọ́dún tó kọjá, awọ rírọ̀ tí kò há, tí kò sì tú. Ní òwúrọ̀ yìí, ọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ọmọbìnrin rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ti bàtà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó wá fi àtàńpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà, bó ti máa ń tẹ awọ wò ní ṣọ́ọ̀bù ìránbàtà rẹ̀. Nígbà tó gbé ìka kúrò, ojú ibẹ̀ jìn wọlé bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Kò kún padà.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ kẹrin rèé, Bàámi." Ọmọ náà ní láti mí kó tó parí gbólóhùn kékeré yẹn.

Ìyá rẹ̀ ń ti ilé ìdáná bọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sí ohun tí kò ní àlàyé fún. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, Ọ̀rọ̀-Kan ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí wọ́n ní bó bá ti kí èèyàn láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tọjọ́ yẹn ti tán nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkọ òun, àfi kí òun lọ bi awọ.

"Bàbá wọn, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre," ni ó wí. "Ìbímọ ni. Mẹ́rin ni mo bí, kò sí èyí tẹ́sẹ̀ mi ò wú lórí ẹ̀."

"Kó o tó bí wọn ni tìẹ máa ń wú. Tó o bá ti bímọ tán, á lọ sílẹ̀. Ọmọ yìí ti bímọ látọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Obìnrin náà dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Òun tó ni ẹsẹ̀ ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ́ lára láti máa mọ ìdáhùn kì í tètè yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó sinmi di ọ̀la. Ọmọ tuntun ni ò jẹ́ kó sùn."

"Kì í ṣe ọmọ tuntun. Kò lè dùbúlẹ̀ ni. Orí àga ló ń sùn." Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. "Mò ń lọ pe mọ́tò. Ẹ múra."

Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, obìnrin náà kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í ṣe ohùn ìbínú. Ohùn ẹni tó ti gé awọ tán ni. Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì gba ọmọ tuntun mọ́ra.

Nínú mọ́tò, bàbá náà jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó fi apá gbé e ró kó má baà yọ̀ sísàlẹ̀. "Fara tì mí," ni ó wí. "Má sọ̀rọ̀." Ó wá sọ fún awakọ̀ pé kó rọra, ṣùgbọ́n kó má dúró.

Èrò kún ilé ìwòsàn. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé ní kí wọ́n lọ jókòó de nọ́ńbà wọn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó mú un láti oṣù kẹta oyún, akọ̀wé náà sì ń mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ nígbà ogún láàárọ̀ yẹn. Bàbá kò dúró síbẹ̀. Ó lọ pàdé nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ, ó sì dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò lè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó bímọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Kò lè dùbúlẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ètè ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ké pe àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Wọn kò tíì tì í dé yàrá tí orí rẹ̀ fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnì kan fa kọ́tìnì. Ìyá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń ka nọ́ńbà, tó sì ní kí gbogbo wọn yẹra, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìró kan gbì, bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bọ́ sílẹ̀. Ọkọ ọmọbìnrin náà, oníṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n ti pè, ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti ibi iṣẹ́ ni, wáyà ṣì ń yọ lápò rẹ̀. Ó mọ ohun tí ìró yẹn jẹ́. Iná tó ń fi ojoojúmọ́ kìlọ̀ fún èèyàn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn ni wọ́n fi ń jí ìyàwó rẹ̀. Ó di ògiri mú.

Ìró náà tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́.

Dókítà tó jáde wá kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, òógùn bò ó lójú. "Ó ti padà," ni ó wí. "Ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀. Ó máa ń ṣe àwọn ìyá kan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, ni omi fi ń dúró sẹ́sẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. A máa fún un lóògùn fọ́pọ̀ oṣù, kò tíì bọ́ tán. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀la lẹ gbé e wá ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ."

Ìyá gbọ́ "ọ̀la" yẹn, ó sì wo ilẹ̀.

Nígbà tí dókítà lọ tán, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọkùnrin náà ń fi ìgò fún ọmọ tuntun ní wàrà, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ìránbàtà ti gún le yẹn ń gbé orí kékeré náà bí ẹyin.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Kò gbójú sókè. "Mo ti rí i látọjọ́ Ajé. Mo wá ní, ìwọ lo mọ̀ nípa ìbímọ. Mo dákẹ́." Ó nu ẹnu ọmọ tuntun náà. "Kò yẹ kí n dákẹ́."

Obìnrin náà gba ìgò tó ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní kí wọ́n wọlé. Ọmọ wọn fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí méjì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí imú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màámi, ṣé ọmọ mi ti jẹun?"

"Bàbá ẹ ló fún un. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ lónìí ju bí wọ́n ṣe bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì di ojú.

Dókítà wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí òun lè mọ ibi tí òun máa mú ìtọ́jú gbà. Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó la ẹnu. Ó wá ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kọ́kọ́ wú, kò rí i. Ó wá ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí àga, kò rí i. Bẹ́ẹ̀, inú ilé yẹn lòun náà wà láti ọjọ́ Ajé, tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ lálẹ́.

"Bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi," ni ó wí.

Ọkùnrin náà gbé ọmọ tuntun fún àna rẹ̀. Ó họ orí díẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró mí lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi bàtà sílẹ̀, ó ń wọ sálúbàtà..."

Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá fa àga súnmọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó láti gbọ́.