Iṣan Tó Sá Wọ Abẹ́ Irun

Bàbá Ṣọlá, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ilé ìdáná màámi ni. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó gún mi, kò rí ẹ̀jẹ̀. Ó tún gún mi. Ó ti sú mi débi pé mi ò ké mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, iṣan yín ti sá o." Mo wò ó lóòótọ́, ó ń sáré lábẹ́ awọ ara mi bí aláǹgbá, ó gba èjìká, ó wọ abẹ́ irun. Nọ́ọ̀sì ń lé e kiri tòun ti abẹ́rẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde.

Màámi tí a ti sin ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ mi nìyẹn?" Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ń pe oríkì mi jẹ́jẹ́: "Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ mi." Ni iṣan bá rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wá sùn sí ìgbọ̀nwọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ gbà, màámi á lọ. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún tàsé ẹ̀."

Mo tún gbọ́ "Àbẹ̀kẹ́," mo lajú, ẹ̀yin ni, tẹ̀yin ti káàdì ilé ìwòsàn lọ́wọ́.